Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ kó kúrò l'Ékòó lọ s'Ábùjá: Ẹ yéé ka ọjọ́, Sátidé ni kẹ́ ẹ máa kà!

Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ àwo tó ń fọ́, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tí ojú ẹ̀ ń là, ọ̀pọ̀ sátífíkéètì tó ń sọnù nígbà téèyàn bá ń kó láti ìlú kan lọ sí ìlú míì, kì í ṣe ojú títì ni wọ́n ti ń bàjẹ́. Ẹ̀bi dírẹ́bà kọ́, ẹ̀bi kòtò ojú ọ̀nà kọ́. Inú yàrá ẹlẹ́rù gan-an ni, lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ẹ̀ máa mọ́ tí mọ́tò máa dé. Aago kan òru ti lù, bàbá ń pariwo, ìyá ń kùn, àwọn ọmọ ti sùn lọ sórí àpò aṣọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fọwọ́ kan kíṣìnnì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ṣíbí ń wọnú bàtà, tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa ń jókòó lé aṣọ òkè ìyàwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó rí, ẹ mọ̀ pé a ò parọ́.

Kí ló ń fà á? Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ya ọ̀lẹ o. Ìṣirò ni wọn ò ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ Èkó pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó kó, ohun tó máa wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé ọjọ́ méjìlélógójì ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Irọ́ gbuu ni! Ẹni tó ń jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, tí gosílóò kì í jẹ́ kó wọlé kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ wo ló fẹ́ẹ́ di'rù? Sọ́ńdè wà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti àsàlátù. Sátidé nìkan ló kù, mẹ́fà péré sì ni. Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ yọ ọ̀kan kúrò fún òkú àgbà tẹ́ ẹ ti sanwó aṣọ ẹbí ẹ̀. Mélòó ló ṣẹ́ kù? Mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní láti di gbogbo ilé, kì í ṣe méjìlélógójì!

ÀWỌN TÍ WỌN Ò FÚN LÁYÈ

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé eré la fi ọ̀rọ̀ Sátidé yìí ṣe. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ìlọrin tí òwò gbé dé ilẹ̀ Gánà nígbà kan. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú lọ gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kéde ẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 2, oṣù kejìlá, ni ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Ẹ kà á dáadáa, Sátidé méjì péré ló wà láàárín ẹ̀!

Àwọn èèyàn tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ ń bẹ nínú wọn, àwọn tó ti ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀. Iye tí wọ́n bá rí ni wọ́n ta ọjà wọn. Ilé tẹ́nìkan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ò ṣe é dì sínú àpò. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó, kò sáyè láti sìn wọ́n. Nàìjíríà tí wọ́n sì ń sá bọ̀ wá yìí, ogun abẹ́lé ṣì ń jà níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ká má gbàgbé pé àwa náà ṣe tiwa. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Sátidé méjì náà lẹ̀ẹ̀kan sí i! Báàgì aláwọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rọ́ ẹrù wọn sí la wá sọ ní Ghana Must Go, orúkọ náà ò sì tíì kúrò lára ẹ̀ dòní. Báàgì yẹn kan náà lẹ̀yin náà fẹ́ẹ́ rà lọ́jà báyìí. Bẹ́ ẹ bá dì í mú, ẹ rántí ibi tó ti gba orúkọ. Àwọn tá à ń sọ yìí, ìjọba ló já àkókò gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́nikẹ́ni ò lé, tẹ́ ẹ ní àkókò lọ́wọ́, kí lẹ fẹ́ẹ́ wí bẹ́ ẹ bá fi ṣòfò?

OṢÙ WO LÓ DÁA JÙ?

Láti ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991 tí ìjọba Babangida ti kó olú ìlú kúrò l'Ékòó lọ s'Ábùjá, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá ò yéé gba ọ̀nà yẹn. Tiràńsífà lẹlòmíì gbà, iṣẹ́ tuntun lẹlòmíì rí, ọkọ tàbí ìyàwó lẹlòmíì ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà náà lé ní 700 kìlómítà. Kì í ṣe bíi kéèyàn kó láti Mushin lọ sí Agége, kó sì pa dà lọ mú àga tó gbàgbé lọ́jọ́ kejì. Ohun tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ó di ti ayálégbé tó ń bọ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yan oṣù, ẹ wo ojú ọ̀run àti káńdà ilé ìwé pa pọ̀. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù. Ẹni tó bá di'rù nígbà náà, fóòmù ẹ̀ lè mu omi kó tó dórí mọ́tò. Tó bá di oṣù kẹjọ, òjò Èkó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ilé ìwé tuntun ò sì tíì wọlé. Ìyẹn la ṣe ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ló dáa jù fún ẹni tó lọ́mọ nílé ìwé. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ gbàgbé tapólì o! Bí òjò bá sinmi l'Ékòó lóṣù kẹjọ, àsìkò yẹn gan-an ló ń rọ̀ kíkankíkan l'Ábùjá.

Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Lọ́kọ́jà lẹ máa gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Lọ́dún 2012, omi bo títì tó jáde láti Lọ́kọ́jà lọ s'Ábùjá, mọ́tò ò rọ́nà lọ. Lọ́dún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sùn sójú ọ̀nà, tírélà tò bíi kòkòrò. Omíyalé ọdún yẹn pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Fíríìjì àti àga yín ò níṣẹ́ kan láti ṣe nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ní ti oṣù kejìlá, gbogbo ayé ló ń wá mọ́tò nígbà náà, owó ọkọ̀ á sì ti gun òkè àjà. Ẹni tí kò lọ́mọ nílé ìwé lè dúró di oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, eruku ọyẹ́ nìkan ló máa bá a jà.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà ńkọ́? Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 là á kalẹ̀ pé bí kò bá sí àdéhùn míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó ń sanwó ilé lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san án lóṣooṣù. Kì í ṣe láńlọ́ọ̀dù nìkan ló bá wí, ó kan ayálégbé náà. Òfin ọ̀hún yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, ẹ lọ yọ àgírímẹ́ǹtì yín jáde, kẹ́ ẹ kà á. Kò dáa kí ẹrù ti wà lórí mọ́tò kí láńlọ́ọ̀dù wá dúró sẹ́nu géètì.

Ẹ TI Ẹ̀YÌN KÀ Á BỌ̀

Ọjọ́ tí mọ́tò máa gbéra ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ wá máa kà á pa dà sẹ́yìn. Ẹ mú ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Ìdájí lẹ máa gbéra, ẹrù lè má dé títí di ọjọ́ kejì, tó bá sì dé, ẹ máa ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi tú u. Ẹ yẹra fún Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ẹ mọ̀ bí Redemption Camp ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìsìn Holy Ghost, márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe é gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi dánra wò.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀, Sátidé méjì tó o. Yàrá méjì, ẹ wá mẹ́ta. Yàrá mẹ́ta sókè, Sátidé mẹ́rin gidi, tí kò sí òde kankan níbẹ̀. Bí a ṣe máa pín in rèé.

Sátidé kìíní, ẹ má di nǹkan kan! Ọjọ́ ìdájọ́ lọjọ́ yẹn. Ẹ kó gbogbo ẹrù jáde, kẹ́ ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ń lọ, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ tà àti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi tọrẹ. Onímọ́tò ò bèèrè bóyá fáànù yín ń ṣiṣẹ́, àyè tó gbà ló ń gbowó ẹ̀. Ẹ ó rí bàbá tó máa sanwó gbé jẹnẹrétọ̀ tó ti kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn lọ s'Ábùjá, torí pé ó ní òun máa tún un ṣe. Ẹ bá wa bẹ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà lẹ máa ya ìwé pàtàkì sọ́tọ̀.

Sátidé kejì, ẹ di ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: agbádá, aṣọ òkè, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se'bẹ̀ òde, kúlà, fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé kíkà. Páálí kéékèèké ni kẹ́ ẹ kó ìwé sí, torí bó bá pọ̀ jù nínú páálí kan, abẹ́ ẹ̀ máa já, alábàárù á sì fi yín bú. Ẹ gbọn páálí tẹ́ ẹ rà lọ́jà dáadáa, kẹ́ ẹ má lọ ra aáyán Èkó gbé lọ s'Ábùjá.

Sátidé kẹta, ó kan pálọ̀, yàrá àwọn ọmọ àti gbogbo ohun tó lè fọ́. Ìwé ìròyìn yìí wúlò gan-an fún un, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á tán o! Ẹ fi wé àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì tò ó ní pẹrẹsẹ léra wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dúró nínú páálí bí ìwé ṣe ń dúró nínú àpótí ìwé, kì í tètè fọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yàrá tí páálí kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kì í ṣe orí ẹ̀, torí páálí míì máa gun orí ẹ̀. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

Sátidé kẹrin, ọjọ́ kíṣìnnì àti yàrá yín nìyẹn. Ẹ fi ìkòkò kan, àwo bíi mélòó kan, iyọ̀, epo díẹ̀ àti sítóòfù sílẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà kó wá tú bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀tì tó bá tú, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ gbé fóòmù sínú oòrùn kẹ́ ẹ tó dì í. Ìdun ò ní láti bá yín dé Àbújá.

Ẹ rí i pé kò sí òru kankan nínú ìṣirò yìí. Bẹ́ ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ohun tá à ń wí gan-an nìyẹn. Ẹni tó sùn ló lè dúró ti alábàárù kó ka páálí bó ṣe ń jáde. Ẹni tí kò sùn ò lè ka mẹ́wàá délẹ̀.

ẸRÙ TÓ LÈ DÁNÁ SÍNÚ ÌRÌN-ÀJÒ

Fíríìjì: ẹ yọ iná ẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí yìnyín yọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Òòró ni kẹ́ ẹ gbé e dúró lórí mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì fi iná sí i, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan. Tí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kí ọ́ìlì inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè pa dà sáyè ẹ̀. Ìkánjú omi tútù ti ba fíríìjì púpọ̀ jẹ́.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ fa bẹntiróòlù inú ẹ̀ jáde pátá. Sílíńdà gáàsì ò gbọdọ̀ ní gáàsì nínú. Ẹ da kẹrosíìnì sítóòfù nù. Epo àti iná ò ṣọ̀rẹ́ rí, àgàgà nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa fún wákàtí mẹ́wàá.

Sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé tiràńsífà ilé ìwé wọn, oògùn ìfúnpá, góòlù ìyá: ìkankan nínú ìwọ̀nyí ò gbọdọ̀ wọ inú mọ́tò ẹrù. Báàgì ọwọ́ ni. Ẹ fi aṣọ ọjọ́ mẹ́ta sí báàgì míì fún olúkúlùkù, torí ẹ̀yin lè ti dé kí ẹrù má tíì dé.

ỌWỌ́ TẸ́ Ẹ FI MÚ OWÓ

Ẹ bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún pè é ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ọjọ́ náà. Ní Nàìjíríà yìí, owó tẹ́ ẹ gbọ́ lánàá lè má jẹ́ owó òní. Ṣebí ojú gbogbo wa ló ṣe ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, bẹntiróòlù tí lítà ẹ̀ ò tó 200 náírà fò lé ní 500 l'Ábùjá. Ẹni tó ti fọkàn sí iye kan fún ìrìn-àjò oṣù kẹfà ọdún yẹn, àfi kó tún ìṣirò ẹ̀ ṣe.

Ẹ má san gbogbo owó tán l'Ékòó. Ẹ san apá kan kí mọ́tò tó gbéra, kẹ́ ẹ san èyí tó kù nígbà tí páálí tó kẹ́yìn bá wọlé l'Ábùjá. Ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù dírẹ́bà. Ẹ kọ iye páálí àti ẹrù tó wọ mọ́tò sínú ìwé méjì, kí dírẹ́bà fọwọ́ sí méjèèjì, kó mú ọ̀kan dání. Kì í ṣe pé olè ni o, ìwé ló ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ má di ọ̀tá. Bó bá jẹ́ ẹ̀sítéètì lẹ̀ ń lọ, ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n ń jẹ́ kí lọ́rì wọlé lálẹ́.

Ẹ̀yin lọ́kọláya, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín kó tó tán. Ìjà tó ń wáyé nígbà tí wọ́n bá ń kó kì í sábà jẹ́ nítorí ẹrù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹnìkan ló ń di gbogbo ilé, tí ẹnìkejì ń wo bọ́ọ̀lù, tí yóò wá bèèrè lọ́jọ́ tó kẹ́yìn pé níbo lẹ kó sọ́ọ̀kì òun sí. Ẹ pín Sátidé náà láàárín ara yín. Kí bàbá mú ìwé àti irin, kí ìyá mú àwo àti aṣọ, tàbí bó bá ṣe wù yín, àmọ́ kí olúkúlùkù mọ tiẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ẹ́ kó, ẹ yáa lọ mú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yẹn wálẹ̀ báyìí. Ẹ fi bírò pupa yí Sátidé mẹ́rin ká, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó ń pín aṣọ ẹbí pé ẹ ò ní lè wá. Wọ́n máa bínú díẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé. Àwo ìgbéyàwó yín tó bá fọ́, ẹ̀yin ò ní gbàgbé ẹ̀.